Èéfín Inú Kòkó

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun nípa òtútù, tàbí nípa òyìnbó, tàbí nípa ọ̀gá tó kọ lẹ́tà tó ba iṣẹ́ ayé mi jẹ́. Àwọn náà ṣẹ̀ mí, n ó sì dé orí wọn. Ṣùgbọ́n àlejò ni mo jẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ọmú kan náà la mu dàgbà.

Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀bà-Ilé ni mo ń gbé, létí Àkúrẹ́, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta tí n kò bá ẹnikẹ́ni pín. Àwọn ará ìjọ wa máa ń rọ̀ mí pé kí n dárí jini, pé ó ti pẹ́. Pípẹ́ tó pẹ́ gan-an ni mo ń bínú sí. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ta ni yóò dá a padà fún mi báyìí?

Ìlú Oǹdó ni wọ́n ti bí wa. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wa, kò mọ̀wé. Bó bá ti sá kòkó rẹ̀ gbẹ, tó kó o sínú àpò wá sílé, ọkùnrin kan tó ń ṣàyẹ̀wò kòkó á dé, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fi ọ̀bẹ la hóró díẹ̀ nínú rẹ̀, á mi orí, á sì ní kòkó náà kò dára tó, ìpele kejì ni. Lọ́jọ́ kan tí mo dúró ti bàbá mi, mo wo inú hóró tí ọkùnrin náà là. Ó pọ́n dáadáa, kò sí èyí tó bu, kò sí èyí tí kòkòrò jẹ. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá mi fà mí lápá. Ó ṣí fìlà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe láyé.

Mo kàwé, mo kẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì, mo sì ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan ní Àkúrẹ́ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ kòkó. Kò pẹ́ tí mo débẹ̀ tí wọ́n fi ní àwọn fẹ́ kọ́ yàrá àyẹ̀wò kan, níbi tí àgbẹ̀ yòówù lè gbé kòkó rẹ̀ wá, kí wọ́n sì fún un ní èsì lórí ìwé, èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè yí. Wọ́n máa rán ẹnì kan lọ sí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì kan ní Họ́láǹdì fún ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà. Bí ẹni náà bá mú lẹ́tà tó dára bọ̀ láti ọwọ́ àwọn òyìnbó, òun ni yóò jẹ́ ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò náà. Èmi ni wọ́n mú. Nítorí lẹ́tà yẹn ni mo ṣe lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ojú mi ló ń fẹ́ òkè òkun.

Ẹ̀gbọ́n mi ti wà ní Họ́láǹdì fún ọdún mẹ́ta nígbà náà, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀. Ó wá sílé fún ìsinmi ní oṣù tó ṣáájú ìrìn àjò mi. Ẹ̀yìnkùlé ìyá wa ní Oǹdó la jókòó sí, Ìyá ń ṣa ẹ̀gúsí, ẹ̀gbọ́n mi sì wọ ìbọ̀sẹ̀ nínú oòrùn kí àwọn ará ilé lè mọ ibi tó ti ń bọ̀.

“Àǹtí,” mo ní, “báwo ni wọ́n ṣe ń hùwà sí àgbà níbẹ̀? Mi ò fẹ́ ṣe àṣìṣe.”

“Bí a ṣe ń ṣe níbí náà ni. Àgbà ni àgbà níbi gbogbo.”

“Tí ọ̀gá mi bá sọ ohun tí kò tọ́ ńkọ́?”

“Ṣé wàá já àgbà nírọ́ láàárín àwùjọ níbí?”

“Rárá.”

“Kí ló wá dé tó o fẹ́ ṣe é lọ́hùn-ún? Dákẹ́. Tí gbogbo èèyàn bá ti túká, kí o lọ bá a ní kọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin tó dákẹ́ ni òyìnbó fẹ́ràn.”

Ìyá wa rẹ́rìn-ín. “Ó dáa tó o sọ fún un. Ẹnu èyí mú ju abẹ lọ.”

“Ẹ má dààmú, Màmá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Òtútù ibẹ̀ á bá wa pa á dé.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó tún ṣèlérí pé òun ni yóò wá pàdé mi ní pápákọ̀ òfuurufú, pé ilé àwọn ni n ó máa gbé.

Ọjọ́ tí mo dé, n kò rí i. Ọkùnrin kan láti ilé iṣẹ́ ni mo bá, ó kọ orúkọ mi sára páálí. Irun orí rẹ̀ ti funfun, nítorí náà mo kúnlẹ̀ kí i. Ó yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀ kiri, ó ń bèèrè ohun tó já bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí kò rí nǹkan kan, ó dìde, ó fún mi ní ìwé pélébé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ: ilé àwọn kéré, àwọn ti bá mi wá yàrá sí ilé obìnrin kan, tí mo bá ráyè, kí n wá kí àwọn. Ọkùnrin náà sì ń lọ níwájú. Èmi ni mo wọ́ àpótí mi tẹ̀lé e.

Obìnrin tó ni ilé náà ti tó ìyá àgbà. Ó ní kí n máa fi orúkọ pe òun. Orúkọ? Ẹni tó lè bí ìyá mi? N kò lè pè é, kò sì fẹ́ kí n pe òun ní Màmá, torí náà fún oṣù mẹ́fà n kò pè é ní nǹkan kan. Bí mo bá ń wá a, màá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, màá wúkọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo dé, ó gbé ọ̀dùnkún àti ẹran sórí tábìlì, ó bi mí bóyá n ó jẹun. Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Ebi ń pa mí dé ibi pé ojú mi ń ṣú. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í tẹ́wọ́ gba oúnjẹ nígbà àkọ́kọ́ nílé onílé. Wàá ní o ti yó, onílé á ní irọ́ ni, á ní kí o má dójú ti òun, wàá tún ṣe bí ẹni tí kò fẹ́, á fà ọ́ jókòó, nígbà náà ni wàá jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ṣe é lóore. Mo dúró kí obìnrin yìí rọ̀ mí. Ó gbé àwo mi, ó kó oúnjẹ inú rẹ̀ padà sínú ìkòkò, ó fọ àwo, ó gbé e kọ́. Èmi àti ẹ̀gúsí tútù tí Ìyá fi rán mi sí ẹ̀gbọ́n mi, tó wà nínú àpótí mi, la jọ wo ara wa.

Bákan náà ni kọfí wọn. Wọ́n á ṣí agolo bisikíìtì, wàá mú ẹyọ kan, wọ́n á dé agolo náà pa. Mo ṣì ń gbọ́ ìró ìdérí yẹn. Ilé wọn kún fún bọ́tà, fìríìjì wọn kún, ẹyọ kan ni wọ́n á fún ọ, wọ́n á sì rò pé àwọn ti ṣe ọ́ lálejò. Mo ti rí opó ní Ìgbàrà-Òkè tó jẹ́ pé iṣu kan ṣoṣo ló kù nílé rẹ̀, tó sì bẹ àlejò títí àlejò fi jẹ ẹ́. Àwọn kì í bẹni. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń bèèrè. Ọjọ́ kẹta ni mo kọ́ láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n ó jẹun, kí ó tó parí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó jalè.

Ní ọjọ́ ìsinmi kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé ẹrù tí Ìyá fi rán mi sí i dání: èlùbọ́, ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, àti irú tí mo wé ní ọ̀rá mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n mi ṣílẹ̀kùn ní àbọ̀, ó dúró sáàárín rẹ̀.

“O ò sọ pé ò ń bọ̀.”

“Ilé yín ni mo wá, Àǹtí.”

“Níbí, èèyàn á kọ̀wé kó tó wá. A fẹ́ jáde.”

Ó gba ẹrù náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí òórùn irú má bàa wọlé. Ẹrù tí ìyá tó bí i lọ́mọ fọwọ́ ara rẹ̀ dì. Ó wá ní kí n wọlé díẹ̀. Ó fún mi ní kọfí. Ó ṣí agolo, mo mú ẹyọ kan, ó dé e.

Mo gbé ìbínú mì nítorí ohun kan wà tí mo fẹ́ bi í. “Àǹtí, gbogbo Ọjọ́rú ni wọ́n ń jókòó yí tábìlì ká níbi iṣẹ́. Ọ̀gá wa, tó dàgbà ju Bàbá lọ, á ní kí kálukú sọ èrò rẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké á máa sọ fún un lójú ẹ̀ pé ohun tó wí ò rí bẹ́ẹ̀. Kì í bínú.”

“Ọmọ wọn ni wọ́n. Ìwọ kì í ṣe ọmọ wọn.”

“Ó bi èmi náà.”

“Kí lo wí?”

“Mo ní bí wọ́n ṣe wí náà ni.”

“O ṣeun. Ìdẹ ni. Ó ń dán ẹ wò. Ọjọ́ tó o bá já a nírọ́ ní gbangba, wọ́n á dá ẹ padà sílé. Dákẹ́.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Nínú àwa méjèèjì, ta ló pẹ́ níbí?”

Ọkọ rẹ̀ ti wọ kóòtù, ó dúró nídìí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi wo aago, ó sọ àkókò tí ọkọ̀ ojú irin mi máa gbéra fún mi. Bí mo ṣe jáde, mo rí ẹrù Ìyá níbi ògiri, òjò sì ti ń kán sí i.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe kò le. Kòkó á dé láti oríṣiríṣi ilẹ̀, a ó la hóró díẹ̀ nínú àpò kọ̀ọ̀kan, a ó wo inú rẹ̀, a ó yan díẹ̀, a ó lọ̀ ọ́, ọ̀gá á tọ́ ọ wò. Ní Ọjọ́rú, á sọ èyí tí wọ́n lè dà pọ̀ mọ́ ti ilé iṣẹ́. Mo mọ iṣẹ́ náà ju àwọn tó kọ́ mi lọ. Àwọn kò rí igi kòkó rí.

Ní oṣù kẹrin mi níbẹ̀, kòkó kan dé. Nígbà tí a là á, inú rẹ̀ mọ́, ó pọ́n, ó lẹ́wà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí àpò rẹ̀ ni ara mi ta. Òórùn èéfín. Kò pọ̀, àmọ́ ó wà níbẹ̀. Ọmọ Oǹdó kankan kò ní ṣàìmọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ń rọ̀ lójoojúmọ́, tí àgbẹ̀ kò rí oòrùn sá kòkó, tó wá dáná igi sábẹ́ rẹ̀, èéfín á wọ inú hóró lọ, kò sì ní jáde mọ́ láé. Bàbá mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ní kí kòkó kúkú bu ju kí èéfín wọ̀ ọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ yẹn, òtútù ti mú ọ̀gá wa, imú rẹ̀ dí, ó ń fi áńkáṣíìfù nu ún léraléra. Ó tọ́ kòkó náà wò, ó ní ó dára. Àwọn ọmọ tó kù ní ó dára.

Ní Ọjọ́rú, a jókòó yí tábìlì ká. Ó ka orúkọ kòkó náà, ó ní òun fọwọ́ sí i. Ó wá yíjú sí mi.

“Ìwọ tó o wá láti ibi tí kòkó ti ń wá, ṣé o ní ohun kan láti sọ?”

Ọ̀rọ̀ dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo rí irun funfun rẹ̀. Mo rí àwọn ọmọ tó ń wò ó. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi. Mo wolẹ̀, mo ní, “Bí ẹ ṣe wí náà ni, sà.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé mìíràn. Kò bi mí léèkejì. Níbi tábìlì oúnjẹ àti níbi tábìlì iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń bèèrè. Bí ó bá ní “ṣé ó dá ọ lójú?”, bí ó bá rọ̀ mí díẹ̀, ǹ bá ti sọ.

N kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ o. Mo fẹ́ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo dúró dè é níta nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, aago márùn-ún lù, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá lára mi, ó juwọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ obìnrin bi mí bóyá ó mọ̀ pé mò ń bọ̀. Mo ní rárá. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó ní ọ̀gá á ráyè gbọ́ mi ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì. Mo ní ọ̀rọ̀ pàtàkì ni. Ó ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì, mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú, ó dà bí ẹni pé èéfín wà nínú kòkó tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀.”

Ó ní kí n dìde. Ó ní, “Ìgbà wo lo mọ̀?”

“Láti ọjọ́ tó dé, sà.”

“Kí ó tó di Ọjọ́rú?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Mo bi ọ́ ní Ọjọ́rú.”

“Ẹ̀yin ni àgbà, sà. N kò lè sọ ọ́ lójú àwọn ọmọ.”

Ó ní wọ́n ti da kòkó náà pọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n dà nù lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nítorí pé ṣokoléètì náà ń rùn bí ẹja tí wọ́n yan. Ó ní òun ìbá fẹ́ràn kí n dójú ti òun ní ìgbà mẹ́wàá ju kí n bọ̀wọ̀ fún òun lẹ́ẹ̀kan bẹ́ẹ̀. Mo kórìíra rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn. Imú tirẹ̀ ló dí. Òun ló fọwọ́ sí kòkó. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Lẹ́tà tí ó kọ fún mi kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Mo mọ̀ ọ́n sórí. Ó ní imú mi dára ju ti ẹnikẹ́ni tí òun ti bá ṣiṣẹ́ lọ, àmọ́ òun kò lè gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti fi mí ṣe olórí níbi àyẹ̀wò, torí pé mo máa ń fi òtítọ́ pamọ́ bí mo bá wà níwájú ẹni tó jù mí lọ.

Wọ́n ka lẹ́tà náà ní Àkúrẹ́. Ọkùnrin kan tí kò la hóró kòkó rí ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n ṣí i tìlù tìfọn, kò pé ọdún méjì tí wọ́n fi àgádágodo tì í. Bàbá mi kú lẹ́ni tó ń ṣí fìlà fún àwọn tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Èmi kọ́ ẹ̀kọ́ tí Họ́láǹdì kọ́ mi. Nínú ìpàdé kan, mo nawọ́ sókè, mo sọ fún ọ̀gá àgbà lójú gbogbo èèyàn pé ohun tó kà kò tọ̀nà. Kò tọ̀nà lóòótọ́. Ẹnì kan ní ẹ̀yìn mi ní, “Oṣù mẹ́fà péré, ó ti di òyìnbó.” Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé mi lọ sí Ìgbàrà-Òkè, níbi tí mo ti ń to fáìlì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Nígbà tí ara Ìyá kò yá mọ́, èmi ni mò ń wọ básì lọ sí Oǹdó ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn náà mo gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi wẹ̀ ẹ́, tí mo fi bọ́ ọ. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi ní òun kò lè fẹ́ èmi àti ìyá mi pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi káàdì ránṣẹ́. Nígbà tí Ìyá kú, ó wálé sìnkú, ó sunkún ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ẹ̀gbọ́n mi padà wá sí Oǹdó ní ìgbẹ̀yìn, ó kọ́lé ńlá. A máa ń kí ara wa nígbà ọdún. N kò bi í ní nǹkan kan rí. Mo rò pé àìmọ̀kan ló ṣe é, pé ó ti gbé láàárín wọn láìmọ̀ wọ́n.

Ní ọdún tó kọjá, ọmọbìnrin kan nínú ìjọ wa, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, rí ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní Jámánì. Wọ́n ní kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní tí wọ́n bá ní kó jẹun, kó jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tí ọ̀gá bá bi í ní ìbéèrè níbi tábìlì, kó sọ ohun tó mọ̀, bí ọ̀gá tilẹ̀ jẹ́ baba ńlá rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Màmá náà. Gbogbo èèyàn ló mọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ á ti mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀gbọ́n mi ti lo ọdún mẹ́ta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ básì lọ sí Oǹdó. Mo mú lẹ́tà náà dání. Mo bá a nínú pálọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀bà fún mi. Mo ní n kò jẹ. Ó ní irọ́ ni, ebi ń pa mí. Mo ní mo ti yó. Ó ní kí n má dójú ti òun nílé òun. Gbogbo rírọ̀ tí n kò rí gbà ní ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, ó ń dà á lé mi lórí.

Mo dúró lórí ìdúró, mo ka lẹ́tà náà sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, “Àǹtí, ẹ ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta kí n tó dé. Ẹ mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀. Àbí ẹ ò mọ̀?”

Kò yẹ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò sunkún. Èdè Oǹdó ni ó fi sọ ọ́, bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ẹ̀yìnkùlé Ìyá, mo kàn kọ ọ́ síbí kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ ọ:

“Mo mọ̀. Ọdún tó ṣáájú tìẹ, ọmọbìnrin ará Gánà kan wá ṣe irú ìkọ́ṣẹ́ yẹn níbi iṣẹ́ ọkọ mi. Ó lẹ́nu bíi tìẹ. Wọn ò jẹ́ kó lọ sílé mọ́, wọ́n gbà á síṣẹ́. Èmi ò lè padà wá jókòó ti Màmá, mo sì mọ̀ pé tí wọ́n bá lè gbọ́ ohùn ẹ lẹ́ẹ̀kan péré níbi tábìlì yẹn, ìwọ náà ò ní padà. Ẹnì kan nínú wa gbọ́dọ̀ wà níbí. Jókòó, ẹ̀bà ẹ ń tutù.”